Òkè Ìdànrè: Láti Ibi Ìsádi Dé Ibi Ìgbafẹ́

 

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní Èkó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́ lásìkò ìsinmi ilé-ìwé. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Kí ni ó wà lọ́dọ̀ yín tí àwọn ọmọ lè máa fi ṣeré, yàtọ̀ sí kí wọ́n jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n?" Mo dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kí ó kó wọn wá gun Òkè Ìdànrè. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo wá rí i pé ìdáhùn mi kò kún tó. Mo ti sọ ibi tí wọn yóò lọ fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́. Ohun tí àlejò ń fi ṣe eré níbẹ̀ lónìí, ìgbésí ayé odidi ìlú kan ni tẹ́lẹ̀ rí. Ìtàn bí ọ̀kan ṣe di èkejì ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìdànrè wà ní nǹkan bí 20 kìlómítà sí Àkúrẹ́, tí ó ti jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ìgbà tí a ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976. Ẹni tí ó bá ti ìlú Oǹdó wá náà kò ní pẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Kí ọkọ̀ tó wọ ìlú ni àwọn àpáta yóò ti yọ sí ni, wọ́n ga, wọ́n dúdú, orí wọn rí róbótó. Òkúta gíránáìtì ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ kà wọ́n mọ́ àwọn òkúta tí ó yọ́, tí ó sì tutù nínú ilẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òjò àti oòrùn ni ó wá ń bó ilẹ̀ orí wọn dànù díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n fi yọrí síta. Èyí tí ó ga nínú wọn tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun.

Kí ni ó gbé odidi ìlú lọ sórí irú ibi bẹ́ẹ̀? Ààbò ni. Ẹni tí ó wà lókè ni ó kọ́kọ́ ń rí ọ̀tá, ọ̀nà tóóró sì ni ọ̀tá ní láti gbà gòkè tọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni òkè ti gbà là báyìí. Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá forí pamọ́ sí nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń ṣe ọdún Òkèbàdàn títí di òní. Àwọn ará Oǹdó pàápàá, nígbà tí ìjà abẹ́lé tú ìlú wọn ká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Òkè-Òpá ni púpọ̀ nínú wọn lọ fi ṣe ibùgbé, kí wọ́n tó padà sílé ní 1872 nígbà tí John Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń wá ọ̀nà ìlà-oòrùn tí òwò yóò gbà wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni bí a bá ń súre fún ọmọ pé yóò gòkè àgbà. Ẹni tí ó wà lókè, ọwọ́ ọ̀tá kò tó o.

Àmọ́ ti Ìdànrè yàtọ̀. Àwọn kò fi òkè ṣe ibi ìsádi ìgbà díẹ̀, wọ́n fi ṣe ìlú ni. Àkọsílẹ̀ tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007, pé kí wọ́n wo ibẹ̀ bóyá ó yẹ ní kíkà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, sọ pé nǹkan bí 800 ọdún ni wọ́n fi gbé orí àpáta náà. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀, ibi ìsìnkú náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ayé tuntun dé, òkè náà ni ó bá wọn. Ìjọ CMS ti fìdí múlẹ̀ ní Oǹdó láti 1877. Nígbà tí ó di 1896, wọ́n ti dá ilé-ìwé sílẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè. Ní 1906, ìjọba amúnisìn kọ́ ilé-ẹjọ́ síbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí ó ní oko nísàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ó ń gòkè padà nírọ̀lẹ́. Ìyá tí ó pọn ọmọ, tí ó sì ru iṣu, òkè náà ni yóò gùn kí iná tó dé abẹ́ ìkòkò. Bí ara aláìsàn kò bá gbà á láti rìn, wọn yóò gbé e ni. Olùkọ́ àti adájọ́ pàápàá kò rí ọ̀nà mìíràn gbà. Kò sí ẹni tí ó ń pe gbogbo èyí ní eré ìdárayá. Ìrìn ọjọ́ gbogbo ni.

Ǹjẹ́ èyí wá túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò mọ fàájì? Rárá o. Ìjàkadì wà, ayò wà, àlọ́ àti eré òṣùpá wà. Eré orí òkè gan-an wà pẹ̀lú. Ní agbègbè Ìdànrè, ọdún àdán wà, nínú èyí tí àwọn ọkùnrin máa ń wọ inú ihò àpáta lọ mú àdán. Ẹ ò rí i pé eré ìta gbangba tí ó gba agbára àti ìgboyà ni èyí, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn dá sílẹ̀, kí àlejò tó dé.

N kò ní fi apá kejì ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní 2010 àti 2013, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Nínú ènìyàn 2,112 tí ó wà nínú agbolé tí wọ́n dé, 213 ni àdán ti kan lára rí, ó sì ti gé 52 jẹ. Nínú 203 lára àwọn tí àdán ti kàn, ẹni mẹ́ta péré ni ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Wọn kò rí àmì àwọn kòkòrò àrùn tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn náà, àwọn kòkòrò tí ó bá ti dìgbòlugi tan. Ṣùgbọ́n ó ju ìdajì àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀wò lọ tí àmì náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá dé òkè, ẹ má wọ inú ihò àdán. Bí àdán bá sì gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó yá, ohun tí ó gbé ìlú náà gòkè kásẹ̀ nílẹ̀. Ogun parí. Ọ̀nà ọkọ̀ kò lè gun òkè, àwọn tí ó ń ra koko kò sì lè fi orí ru ẹrù sọ̀ kalẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wá sí ìsàlẹ̀, níbi tí Ìdànrè wà lónìí. Àmọ́ wọn kò kọ ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Títí di òní ni àwọn ọmọ Ìdànrè ń gun òkè padà lọ ṣe ọdún ìbílẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará òkè Alps ti ń gbé láàárín òkè wọn láìka gígùn rẹ̀ sí eré. Ní 1786, dókítà kan, Paccard, àti Balmat tí ó ń wá òkúta olówó iyebíye kiri orí òkè, dé ṣóńṣó Mont Blanc. Nígbà tí ó fi máa di 1857, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ agunkè sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Ní tiwa, onímọ̀ nípa ewéko kan, P. W. Richards, tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1957 lórí ohun tí ó ń hù ní Òkè Ìdànrè. Ní àkókò ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, láàárín 2009 sí 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé àjọ̀dún Mare kalẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń díje nínú gígun òkè náà. Ọ̀nà tí àwọn ìyá fi ń ru iṣu wá di ibi tí a ti ń gba ẹ̀bùn eré sísá.

N kò lòdì sí i. Ó sàn kí àlejò máa wá ju kí igbó bo ibẹ̀ lọ. Ní Ìlárá-Mọ̀kín, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, pápá gọ́ọ̀fù ńlá kan wà, ó sì dára. Àmọ́ fún eré ni wọ́n ṣe dá ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ tí kò béèrè nǹkankan kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìdànrè kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀ nígbà kan. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé àtẹ̀gùn náà jẹ́ 682, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì ń kà á bí a ti ń lọ, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ibi ìsinmi. Bàbá àgbàlagbà kan ni ó ń fi ọ̀nà hàn wá. Ó fi ipa ẹsẹ̀ Agboogun hàn wá lára àpáta, ó sọ̀rọ̀ nípa Omi Apààrá, ó sì mú wa dé ibi tí àwọn àmì kan wà lára òkúta tí wọ́n ní kò sí ẹni tí ó lè kà á. Gbogbo wọn ń ya fọ́tò. Mo wá na ọwọ́ sí àwọn àpáta tí ó yí wa ká, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni orúkọ èyí? Tọ̀hún ńkọ́?" Ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní ohùn Ìdànrè, ó sì ń sọ agbolé tí ó wà lábẹ́ èyí àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìdí ìyẹn. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá òun náà mọ̀ wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àlejò kì í béèrè ìyẹn, iye àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ̀ pé orúkọ ibi kì í pẹ́ sọnù bí a kò bá pè é mọ́. Ní 1967, Adétúgbọ̀ pín àwọn ẹ̀ka-èdè wa sí ìsọ̀rí ńlá mẹ́ta; ohùn Ìdànrè bá ti Oǹdó tan, ní ìsọ̀rí gúúsù ìlà-oòrùn. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ orí òkè náà ni ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan kò ní lè túmọ̀. Bí bàbá yẹn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ tán láìkọ́ ẹnikẹ́ni, odidi òkè yóò di àmì tí a kò lè kà. Ohun tí àlejò bá ń béèrè ni afinimọ̀nà yóò máa kọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọwọ́ àwa àlejò ni ọ̀rọ̀ náà wà.

Mo tún pe ọ̀rẹ́ mi. Mo ní kí wọ́n wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé àpáta máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Kí wọ́n tètè gòkè láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n mú omi dání, kí wọ́n wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun tí ó wà ní ojúbọ, kí wọ́n má sì gun orí sàréè. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó ra ìwé kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè orúkọ òkè márùn-ún lọ́wọ́ afinimọ̀nà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ tàmìtàmì, kí wọ́n sì mú un bọ̀ wá fún mi nílé.

Ó ní, "Ìsinmi ni mo ní wọ́n ń bọ̀ wá ṣe o, ìwọ olùkọ́ yìí."

Mo ní kí wọ́n kàn máa bọ̀.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá gba ibẹ̀ lọ, ẹ bá mi béèrè. Ó dìgbà mìíràn o. Ire ni ti wa.