Ìtàn Àga: Láti Herculaneum dé Òkè-Ògùn

Bí ènìyàn bá wọ ọ̀pọ̀ ààfin ní Òkè-Ògùn lónìí, ìbáà ṣe ní ìlú ńlá bí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ìbáà ṣe ní ìlú tí kò tó wọn bí Òtu, kò ní pẹ́ tí ojú rẹ̀ yóò fi kan àga gàgàrà kan. Ara àga náà ń dán bíi wúrà, tìmùtìmù rẹ̀ pupa fòò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí bí ẹsẹ̀ kìnnìún. Àga ọba ni gbogbo wa ń pè é, a sì ń wò ó bí ẹni pé láti ayé Ọ̀rányàn ni ó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọba wo ni a kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún?

Ọ̀nà ìdáhùn jìn. Ní 1738, àwọn tí ọba Naples gbà síṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní Herculaneum, ìlú àwọn ará Róòmù tí òkè Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Ní 1748 wọ́n kọjú sí Pompeii. Ohun tí wọ́n rí ya gbogbo Yúróòpù lẹ́nu: ilé pẹ̀lú àwòrán lára ògiri, ìkòkò, fìtílà, ibùsùn àti ìjókòó. Ní àkókò yìí, àṣà tí a ń pè ní rococo ni ó gbòde láàrin àwọn ọlọ́lá. Nínú àṣà náà, kò sí ohun tí ó gún. Ẹsẹ̀ àga wọ́ bí ejò, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ìkarahun àti ewé lílọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Winckelmann ará Jámánì wá ń wàásù pé ẹwà àwọn Gíríìkì àti Róòmù ni ẹwà tòótọ́, pé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Robert Adam, ọmọ ilẹ̀ Scotland, lọ wo àwókù ààfin Diocletian ní Split, ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní 1764. Bí àṣà tí àwọn Òyìnbó ń pè ní neo-classical ṣe gbilẹ̀ nìyẹn. Èmi yóò máa pè é ní àṣà àtijọ́-dọ̀tun.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ àga àtijọ́-dọ̀tun a máa dúró gbọnrangandan, a máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fín ìlà gígùn sí i lára bíi ti òpó tẹ́ńpìlì. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí bí ẹyin tàbí bí asà ogun. Apá ọ̀tún a dọ́gba pẹ̀lú apá òsì láìkù síbì kan. Ọnà ara rẹ̀ ni òdòdó tí a so rọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ìkòkò eérú òkú àti orí àgbò. Ìwé àwòrán ni ó tan àṣà yìí kálẹ̀ ju ohunkóhun lọ: ti Hepplewhite jáde ní 1788, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú, ti Sheraton sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1791. Káfíńtà tí kò rí Lọ́ńdọ̀nù rí lè ṣí ìwé náà kí ó sì ṣe àga tí ará Lọ́ńdọ̀nù yóò fi ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó di ayé Napoleon, Percier àti Fontaine fi agbára ìjọba kún un. Ìgbà náà ni wúrà, àràn pupa àti ẹsẹ̀ kìnnìún pọ̀ sí i. Àga ààfin wa fa ẹ̀jẹ̀ lára ti Napoleon, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdàlù ni, nítorí àwọn káfíńtà wa kò pa rococo tì.

Ṣùgbọ́n igi wo ni wọ́n fi ṣe àwọn àga olókìkí wọ̀nyẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Mahogany ni èyí tí ó pọ̀ jù, láti Jàmáíkà, Honduras àti Cuba. Àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ń gé e nínú igbó, tí wọ́n ń wọ́ ìtì rẹ̀ dé etí odò. Ẹni tí ó jókòó lórí àga Hepplewhite ní 1790 jókòó lórí òógùn wọn. Ìwé tí ó ń yin ẹwà àwọn àga wọ̀nyí pọ̀. Èyí tí ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan. Nígbà tí mahogany ọ̀hún ń dínkù, àwọn oníṣòwò kọjú sí ọ̀gànwó tiwa. Ìbátan rẹ̀ kan sì ń hù ní ọ̀dàn Òkè-Ògùn pàápàá.

Ilẹ̀ ọ̀dàn yìí ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìtàn náà. Ní 1821 ni a kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣoògùn, ní agbègbè Òkè-Ògùn. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú ìwé kíkà. Gbogbo ènìyàn mọ bíṣọ́ọ̀bù. Àwa díẹ̀ ni a rántí ọmọdé tí ó ń fá pákó. Àwọn mìíràn tí ogun ìwólulẹ̀ Ọ̀yọ́ kó kò rí olùgbàlà. Bahia ni wọ́n bá ara wọn. Níbẹ̀ ni a ti ń pè wọ́n ní Nagô, púpọ̀ nínú wọn sì di oníṣẹ́ ọwọ́. Ọba Pọtogí ti sá fún Napoleon dé Brazil ní 1808. Ní 1816 àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Faransé gúnlẹ̀ sí Rio pẹ̀lú àṣà àtijọ́-dọ̀tun. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Nínú wọn ni a ti rí àwọn àgbà káfíńtà bíi Balthazar dos Reis, àti àwọn ọ̀mọ̀lé tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní 1894. Ògidì àtijọ́-dọ̀tun kọ́ ni iṣẹ́ wọn, nítorí àwọn ọnà Pọtogí tí ó ṣáájú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nípasẹ̀ wọn, àti nípasẹ̀ àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ míṣọ́nnárì àti ní ilé iṣẹ́ P.W.D., àga olẹ́sẹ̀ gbígbẹ́ di ohun ọ̀ṣọ́ páálọ̀ wa.

Kí a tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹní wà, awọ ẹran wà, tìmùtìmù aláwọ ti àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ wà. Àpótí gbígbẹ́ wà pẹ̀lú. Èyí tí ó ga jù lọ ni àpótí òkúta Ifẹ̀: ìjókòó róbótó lórí òpó kan ṣoṣo, tí ìkọ́ kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí etí ife, tí a gbẹ́ láti inú òkúta quartz tí ó le ju irin lọ. British Museum ní ọ̀kan lára wọn. Mo gbà pé kò sí àga Adam kan tí ó ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tó o.

Ní 1938, igba ọdún géérégé lẹ́yìn Herculaneum, wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, orí idẹ sì ń jáde. Yúróòpù rí àwókù, ó pàṣẹ àga. Àwa rí orí Ifẹ̀, a yà á sí orí sítáǹbù, àga wa kò sì yí padà. Ilé iṣẹ́ ọnà tí Bàbá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì ní 1947 gbìyànjú. Níbẹ̀ ni Bámidélé ọmọ Àrẹ̀ògún àti Lámídì Fákẹ́yẹ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlànà baba wọn. Ó parí ní 1954. Ọ̀pọ̀ ààfin gba ilẹ̀kùn Fákẹ́yẹ lẹ́yìn náà. Ilẹ̀kùn Yorùbá ni àlejò ń ṣí, kí ó tó bá àga Napoleon nínú ilé.

Àtijọ́-dọ̀tun àwọn ẹlòmíràn kò sì tíì yé gé igi wa. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn ọlọ́rọ̀ ń ra hongmu, àga tí a ṣe ní àwòkọ ti ayé àwọn ọba Ming àti Qing. Igi ọ̀dàn tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso wà lára èyí tí wọ́n fi ń ṣe é, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó kó o ránṣẹ́ jù. Àjọ CITES fi igi náà sábẹ́ ìṣọ́ ní 2016, ó dá títà rẹ̀ láti Nàìjíríà dúró ní 2018. Ní 2022, ó na ìdádúró náà dé àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní Áfíríkà tí igi náà ti ń hù, àfi èyí tí ó bá fi ẹ̀rí hàn pé gígé rẹ̀ kò ní pa á run.