Àfòpiná
Èyí tó ń fò láti pa iná ni orúkọ yìí túmọ̀ sí. Orúkọ náà ń sọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe nídìí gílóòbù lálẹ́, kò sọ ibi tó ti wá, ó sì ń dùn mí pé a kì í sábà wádìí ibi tó ti wá yìí. Igi ni ká kọ́kọ́ wò. Kòkòrò tó ń jẹ ewé igi òrí nígbà òjò, èyí tí àwọn Nupe ń sè, tí wọ́n ń sá, tí wọ́n sì ń jẹ, Cirina forda ni. Inú ilẹ̀ ló ń wọ̀ kó tó di àfòpiná. Bó bá ti hu ìyẹ́, kì í jẹun mọ́ títí tó fi máa kú. Àwọn kòkòrò Anaphe, tí àwọn náà ń di àfòpiná, ní tiwọn jọ ń hun ìtẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n á sì jọ wọnú rẹ̀. Òwú ìtẹ́ yẹn ni àwọn ahunṣọ wa fi ń hun aṣọ sányán láyé àtijọ́.