Ohun-ìní Tọkọtaya àti Ìmọ̀ràn Agbẹjọ́rò Nígbà Ìpínyà

Ìpínyà tọkọtaya kì í ṣe ìròyìn tí a máa ń fẹ́ gbọ́ nínú ìjọ, síbẹ̀ ó ń ṣẹlẹ̀. Bí ó bá sì ti dé, owó, ilé àti ilẹ̀ ni ó máa ń sọ ìbànújẹ́ di ìjà. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àlùfáà ní Ọ̀fàdà àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù, dídá owó ìdána padà sì wà lára àríyànjiyàn wọn.

Irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ni agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ ni ẹjọ́ yín yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ ti rẹ́jísírì, tàbí ti ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni, lábẹ́ Òfin Ẹjọ́ Ìgbéyàwó ti ọdún 1970. Níbi tí ilé ìjọsìn kò bá ti ní ìwé àṣẹ náà, ó lè jẹ́ pé àdúrà ìbùkún nìkan ni ẹ gbà. (Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún wọn kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé.)

Ìyàtọ̀ yìí kò kéré. Abala 70 òfin 1970 fún adájọ́ láṣẹ láti pàṣẹ owó ìtọ́jú, kódà kí ẹjọ́ tó parí, lẹ́yìn tí ó bá ti wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ohun tí ó lè rí nídìí iṣẹ́, àti ìwà wọn. Abala 72 gbà á láyè láti ya ohun-ìní sọ́tọ̀ fún ọkọ, aya tàbí àwọn ọmọ. Ẹni tí ó ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan kò lè gbára lé òfin yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdílé tí ń ṣe ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ọkọ ń dáko, aya ń bọ ìrẹsì, ó ń tà á, owó rẹ̀ ń wọ inú búlọ́ọ̀kù ilé, ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ nìkan ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀. Ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, aya kan sọ ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ pé òun kópa nínú kíkọ́ ilé tí ọkọ òun tà. Ó pàdánù, nítorí kò lè ṣàlàyé iye àti irú ohun tí ó fi sí i. Lóòótọ́, nínú ẹjọ́ Kafi ti ọdún 1986, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ka ìrànlọ́wọ́ aya nínú òwò ọkọ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwa kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó lọ láìní ìwé lọ́wọ́. Ẹ kó rìsíìtì, ìwé báńkì, ìwé ilẹ̀ àti ìwé àlájẹṣẹ́kù jọ, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà wọn. Ẹ kọ gbèsè náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ọkọ tàbí aya yín, ìpínyà kò yọ yín kúrò níbẹ̀.

Bí ìpàdé ẹbí bá gbé ìwé pínpín ohun-ìní wá, ẹ má fọwọ́ sí i títí agbẹjọ́rò yín yóò fi kà á. Kì í ṣe agbẹjọ́rò ẹnì kejì yín o.

Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá lọ rí agbẹjọ́rò ti kọ ìlàjà. Rárá. Òfin 1970 kan náà pàṣẹ fún adájọ́ láti máa wò ó bóyá ìlàjà ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ìgbéyàwó láìjẹ́ pé kóòtù yọ̀ǹda.

Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ béèrè ní Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, tàbí lọ́dọ̀ FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, tí ó máa ń ran àwọn obìnrin àti ọmọdé lọ́wọ́. Kí ó mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ dání.