Bí Aṣọ Òfurufú Ṣe Ń Dáàbò Bo Ara Níbi Tí Afẹ́fẹ́ Kò Sí

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2017, wọ́n yin sátẹ́láìtì kékeré kan sí òfurufú láti Florida ní Amẹ́ríkà. Nigeria EduSat-1 ni orúkọ rẹ̀, yunifásítì FUTA tó wà ní Àkúrẹ́ níbí ló sì ni ín. Àpótí lásán ni, kò nílò aṣọ. Ènìyàn ni kò lè dé ibẹ̀ láìwọ aṣọ, àwọn ọmọ wa sì máa ń béèrè ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé nítorí èémí nìkan ni. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo. Nílẹ̀ níbí, ó ń tẹ ara wa yí ká, a kò sì mọ̀ ọ́n lára nítorí pé ohun tó wà nínú ara wa náà ń tì í padà. Bí a bá ṣe ń gòkè ni agbára yìí ń dín kù. Ní nǹkan bíi kìlómítà 19 sókè, ó ti kéré débi pé ooru ara ènìyàn tó láti mú omi hó. Itọ́ àti omijé yóò hó láìsí iná, ara yóò wú, ènìyàn yóò sì dákú láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Àwọn tó ń sọ pé yóò bú gbàmù, àsọdùn ni. (Àwọn onímọ̀ kan máa ń tọ́ka sí àyà tó ń fún mọ́ ẹni tó ń gòkè sí sánmọ̀ nínú Suuratul An'aam, āyah 125. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni āyah náà ń sọ, kí a má fi sọ ọ́ di ìwé sáyẹ́ǹsì.)

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1971, àwọn ará Rọ́ṣíà mẹ́ta ń bọ̀ wálé nínú ọkọ̀ Soyuz 11. Ihò atẹ́gùn kan ṣí lójijì, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ sì jò tán. Kò sí èyí tó wọ aṣọ òfurufú nínú wọn, nítorí àyè kò gba ènìyàn mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, òkú ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dín èrò ọkọ̀ náà kù sí méjì kí aṣọ lè gbà.

Ẹni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ fọganáísà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó ti mọ ìdajì iṣẹ́ aṣọ yìí. Tiúbù ń di atẹ́gùn mú, táyà kò jẹ́ kó wú kọjá ààlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òfurufú: ìpele kan wà nínú tí afẹ́fẹ́ kò lè gbà jáde, òmíràn tó yi wà lórí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó fẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ lè ká apá àti ìka nínú tirẹ̀. Alexei Leonov, ẹni àkọ́kọ́ tó jáde sí òfurufú, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1965, rí i pé aṣọ òun ti wú, kò sì lè wọlé padà. Ó ní láti máa jò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù kí ó tó ráyè wọlé.

Kí aṣọ má baà gan, 4.3 péré ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń fún un, lórí òǹkà tí fọganáísà ń lò. Táyà mọ́tò ń gba bíi 30. Afẹ́fẹ́ etíkun jẹ́ 14.7. Ọ́síjìn pọ́ńbélé ni wọ́n fi sínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó tó ara. Náítírójìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló kù tó léwu: bí agbára afẹ́fẹ́ bá dín kù lójijì, yóò máa ru bí ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ mí ọ́síjìn nìkan fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bí Sultan Al Neyadi, ọmọ ilẹ̀ Lárúbáwá UAE, ṣe ṣe nìyẹn ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ìtunu Ààwẹ̀. Òun ni Lárúbáwá àkọ́kọ́ tó jáde sí òfurufú, ó sì lò tó wákàtí méje níta.