Ilé Aládùúgbò Gẹ́gẹ́ Bí Àṣẹ: Ìtàn Ilé Kíkọ́ Láìgbàṣẹ ní Lọ́kọ́jà

Bí ènìyàn bá gun Òkè Patti, tó wo Lọ́kọ́jà nísàlẹ̀, yóò rí i pé ìlú náà há. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀, odò wà níwájú rẹ̀ níbi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé. Síbẹ̀, ilẹ̀ híhá nìkan kò sọ ìdí tí ilé aláìgbàṣẹ fi pọ̀ ní àdúgbò kan ju òmíràn lọ. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí aládùúgbò ti kọ́ ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ń kà sí àṣẹ, àti pé àṣà yìí ti wà kí òfin ìkọ́lé tó dé.

Ní nǹkan bí 1860 ni William Balfour Baikie tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí Masaba, ọba Núpé ní Bídà, nítòsí àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tí í ṣe Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ọmọ ogun rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Lugard ti gba ìjọba Àríwá ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní 1900. Àwọn òyìnbó wọn ilẹ̀ àdúgbò tiwọn, wọ́n la ọ̀nà sí i. Òfin ìlú ti 1917 sì sọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ di ìlànà jákèjádò Nàìjíríà. Ní apá àwọn ọmọ ìlú, àgbà ló ń tọ́ka ilẹ̀, aládùúgbò ló ń jẹ́rìí. Kò sí ẹni tó ń pè é ní àìgbàṣẹ nígbà náà.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n gé Ìpínlẹ̀ Kogí kúrò lára Kwárà àti Bẹ́núé. Lọ́kọ́jà di olú-ìlú, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń kó dé kí ilé tó tó wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà. Òfin ètò ìlú ti 1992 sì ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé láìgbàṣẹ. Ní Lokongoma, orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀, Phase 1, Phase 2, fi hàn pé orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹni tó bá na ilé dé ojú gọ́tà ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ilé kejì kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó dé. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣáà ti lu ọgbà rẹ̀ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má wó o. Kò ní pẹ́ tí òpópónà náà yóò fi di ọjà.

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ní etí omi, ní Adankolo àti ọ̀nà Ganaja, òrùlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹni tó ń ta ilẹ̀ máa ń nawọ́ sí, kì í ṣe ìwé. Ilé àkọ́kọ́ a mú òpó iná wá, ìkejì a gbẹ́ kànga, lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí. Kí àwọn tó ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri tó dé, ó ti di àdúgbò. Wọn kò sì lè wó ọ̀kan kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀.

Ní 2012, odò méjèèjì kún, omi bo ọ̀nà Àbújá, ó wọ ilé ní Adankolo àti Ganaja. Nígbà tó fà, àwọn ènìyàn padà. Èmi kò gbà pé àìmọ̀ ni. Ẹni tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó rí aládùúgbò tó ń ṣa búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jọ, kí ló fẹ́ ṣe? Omi tún dé ní 2022, ó tún gba ojú ọ̀nà kan náà.

Àwa olùkọ́ni ń kọ́ òfin 1978 bí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò há sórí fún ìdánwò, nígbà tó jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ń háyà yàrá létí omi náà. Ó yẹ kí a kó wọn lọ sí Ganaja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n fi téèpù wọn ibi tí omi ga dé lára ògiri, kí wọ́n sì bi onílé kọ̀ọ̀kan pé: Ilé ta ni ẹ bá níbí kí ẹ tó ra ilẹ̀ yìí?