"Fẹ́" Tí Ó Wà Nínú Ìfẹ́

Ní ọjọ́ ìdána ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, nínú ilé wa ní OPIC Estate, lọ́nà Mòwé, alága ìjókòó ní kí ọkọ ìyàwó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́. Wọ́n ní kí ó fi Yorùbá sọ ọ́. Ó ronú títí, ó ní, "Mo fẹ́ ọ." Ni bàbá àgbà kan bá wí pé Yorùbá kò mọ ìfẹ́ rí, pé bí ẹni fẹ́ iyán ni àwọn baba wa ṣe ń fẹ́ obìnrin, pé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni ó mú ìfẹ́ wọ̀lú. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó di alẹ́, ó pè mí, ó ní, "Ìwọ tí ò ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, ṣé òótọ́ ni bàbá yẹn sọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbà fún bàbá níbi tí ó jàre. Láti ara "fẹ́" ni "ìfẹ́" ti jáde, bí "ìmọ̀" ti jáde láti ara "mọ̀". "Fẹ́" kan náà ni a fi ń fẹ́ omi, tí a fi ń fẹ́ lọ, tí a sì fi ń fẹ́ ìyàwó. (Ilé-Ifẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o; ohùn rẹ̀ yàtọ̀.) Ṣùgbọ́n àwọn ará Sípéènì náà ń fi "querer" kan ṣoṣo sọ pé àwọn fẹ́ nǹkan àti pé àwọn fẹ́ràn ènìyàn, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wí pé wọn kò mọ ìfẹ́.

Ẹ wo orúkọ wa. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni Mòwé wà. Ọbáfẹ́mi, Adéfẹ́mi, Babáfẹ́mi: kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọba, kò sí nínú adé, kò sí nínú baba. Ta ni yóò wá sọ fún mi pé bí ẹni fẹ́ iyán ni baba ṣe fẹ́ ọmọ rẹ̀? "Àyànfẹ́" ńkọ́? Ẹni tí a yàn ni, tí a sì fẹ́. A kì í yan iyán bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì? Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Bíbélì Yorùbá sì pé ní 1884. Nínú ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 13, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ti kọ "charity", ìfẹ́ ni Bíbélì Yorùbá kọ. Nínú àdúrà Olúwa, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ "will", ìfẹ́ náà ni. Ohun tí Ọlọ́run ń fẹ́ kí a ṣe àti inú rere Rẹ̀ sí wa, orúkọ kan ni méjèèjì jẹ́. Lójú tèmi, wọn kò mú ìfẹ́ wọ̀lú. Wọ́n bá a nílé ni, wọ́n sì fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún un.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dára. Lọ sọ ọ́ fún ọkọ mi, kí ó tún un sọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kí ẹ sì fi bàbá yẹn sí àga iwájú."