Àwọn Òkú Erékùṣù Rousay

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, lágbà lọ́mọdé, ẹ jẹ́ kí á rin ìrìn ojú omi díẹ̀. Bí ẹ bá wá ilẹ̀ Skọ́tlándì lórí àwòrán ayé, tí ẹ sì gbé ìka yín lọ sókè títí ilẹ̀ fi tán, ẹ ó rí àwọn erékùṣù kéékèèké bí àgbàdo tí a fọ́n sójú òkun. Orkney ni orúkọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Rousay. Ìjọ kékeré ti àwọn àgbẹ̀ ni. Màlúù àti àgùtàn ni wọ́n ń sìn, igi kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ líle. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 2011, àwọn 216 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Òkú ibẹ̀ pọ̀ ju alààyè lọ. Ẹ lè bi mí pé níbo ni kò ti rí bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní Rousay, ojú la fi ń rí ilé àwọn òkú náà.

Èyí tí ó gùn jù ni wọ́n ń pè ní Midhowe. Ó ti tó nǹkan bí 5,500 ọdún tí wọ́n ti kọ́ ọ. Òkúta ilẹ̀ yẹn a máa là pẹlẹbẹ bí pákó, nítorí náà kò sí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀lé ìgbà náà kò lè fi ṣe. Inú rẹ̀ gùn tó mítà 23. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé nàró ni wọ́n fi pín in sí yàrá 12, bí ẹni pín ilé ẹran. Walter Grant, ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà, àti J. G. Callander hú u ní 1932 àti 1933, wọ́n sì bá egungun ènìyàn 25. Àwọn mìíràn ká ẹsẹ̀ kò lórí pèpéle òkúta bí ẹni tí ó sùn. Ní 1934 ẹ̀wẹ̀, ní ibojì kan lórí òkè tí à ń pè ní Knowe of Yarso, egungun ènìyàn 29 ni wọ́n rí, wọ́n sì ti to agbárí púpọ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri. Lójú tèmi, ilé ẹbí nìwọ̀nyí. Àwọn alààyè ń wọlé tọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń tún ibùsùn wọn ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 1845, George William Traill, onílẹ̀, lé àwọn àgbẹ̀ Quandale kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn kí àgùtàn lè rí ibi jẹ. Ògiri ahoro wọn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gágun Burroughs jogún ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba rán àwọn olùwádìí wá gbọ́ ẹ̀dùn àwọn àgbẹ̀ ní 1883, ó lé ẹni tí ó jẹ́rìí kúrò nílé. Ọ̀gágun yìí kan náà ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ibi ìjókòó fún òun lórí òkìtì kan ní 1898, kí ó lè máa wo òkun. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n já sínú ibojì: Taversoe Tuick, ilé òkú alájà méjì, tí ìsàlẹ̀ àti òkè ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Orí àwọn onílé àkọ́kọ́ ni baálẹ̀ wa fẹ́ jókòó sí!

Ní 1963, ní Westness, màlúù àgbẹ̀ kan kú. Bí ó ti ń gbẹ́ kòtò tí yóò sin ín sí, ó kan egungun ènìyàn. Obìnrin kan ni, pẹ̀lú ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí. Ó dàbí pé abiyamọ náà kú lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ìkọ́-aṣọ fàdákà kan tí a fi wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, èyí tí ó wà ní ilé ohun àtijọ́ ní Edinburgh báyìí. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè ni ìran rẹ̀, àwọn tí ó fi ọkọ̀ wá ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n wa gbogbo ibẹ̀ yẹ̀wò, wọ́n rí àwọn ọkùnrin tí a sin sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ohun ìjà. Wọ́n tún rí sàréè àwọn Píkítì, tí ó ti wà ṣáájú wọn, tí kò ní ẹrù kankan nínú. Àwọn àlejò yìí kò tú sàréè àwọn onílẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n sin tiwọn sí.

Ẹni tí ó ń tú sàréè nísinsìnyí ni òkun. Ní Swandro, tí kò jìnnà sí Westness, ibojì kan tí ó ti pẹ́ púpọ̀ wà ní etí omi gan-an, ìgbì sì ń jẹ ẹ́. Láti 2010 ni àwọn awalẹ̀wádìí ti Yunifásítì Bradford ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ìgbà ooru ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Kí ìjì òtútù tó dé, wọ́n a tún bo ohun tí ó kù mọ́lẹ̀. Apá kan rẹ̀ ti bá omi lọ.